Ojú Tí Wọ́n Fi Ń Wo Ajá

“Orúnkún yín ńkọ́, Ìyá Enoch? Ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀?”

Àpèkẹ́ ti la ẹnu láti dáhùn kí ìbéèrè náà tó yé e. Nígbà tó yé e tán, ẹnu wà ní lílà, ohùn kò jáde. Ó dúró láàárín kíṣìnì ilé olówó yẹn, abọ́ oúnjẹ ajá lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù létí òsì. Prince, ajá funfun onírun yẹ́úkẹ́, ń fi ara nù ún lẹ́sẹ̀, ó ń ké kín-ín kín-ín nítorí oúnjẹ.

“Ìyá Enoch? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́, mà. Ó... ó ti sàn, mà. A dúpẹ́.”

“Ẹ máa rọra rìn o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jí níbí ni, òtútù fẹ́ pa wá. Ẹ bá mi fọwọ́ pa Prince lórí. Ó dàbọ̀.”

Fóònù kú. Àpèkẹ́ gbé abọ́ sílẹ̀ fún ajá, ó jẹ́ kó máa jẹun. Òun fara ti ògiri.

Kò sọ ọ̀rọ̀ orúnkún fún ẹnì kankan. Kò sọ fún Wùmí ọmọ rẹ̀, torí Wùmí ní tirẹ̀ tó ń bá yí. Kò sọ fún Mutolib tó ń ṣọ́ géètì, torí ẹnu Mutolib kò ní ìdérí. Àná ló yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá tí wọ́n fún un, ó ti ìlẹ̀kùn, ó ká ìró sókè, ó bu òrí, ó fi ra orúnkún náà títí ó fi gbóná. Òun àti ajá nìkan ló wà níbẹ̀. Ajá kò sì mọ èdè tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ó rò ó pé bóyá wọ́n rí i tó ń tiro ní pálọ̀. Ó fẹ́ kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tiro ní pálọ̀. Ó mọ̀ pé kò tiro. Ó pa eyín pọ̀ ni, ó na ẹsẹ̀ gbọnrangandan bí ẹni tó ń lọ gba àmì ẹ̀yẹ, kí wọ́n má baà sọ pé ẹni tí àwọn fi ilé sílẹ̀ fún ti yarọ.

Ìyá ológì ni Àpèkẹ́. Ọmọ Ìlaròó ni, ṣùgbọ́n Àgbóyi ló ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń gbé ògì wọ ọkọ̀ ojú omi bọ́ sí Kẹ́tu, tí yóò sì kiri rẹ̀ dé Ògùdù, dé GRA pàápàá, níbi tí géètì ti ga ju ènìyàn lọ. Ìyáàfin Damaris Oyèwùmí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mummy Jayé, ti jẹ́ oníbàárà rẹ̀ láti ìgbà tí Jayé kò tíì ní eyín. Ajá ilé náà kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó gbó ẹni tó ń ka iná, ó gbó alágbàfọ̀, ó gbó Pásítọ̀ Elkanah tó ń darí ìjọ wọn títí Bíbélì fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kì í gbó Àpèkẹ́. Ẹ̀kọ tútù tó máa ń ha fún un láti ẹnu géètì ló fi rà á.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Mummy Jayé àti ọkọ rẹ̀, Daddy Jayé, fẹ́ lọ wo Jayé ní Kánádà, níbi tó ti fẹ́ gboyè jáde, Àpèkẹ́ ni wọ́n ké sí.

“Ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn yín,” ni Mummy Jayé wí. “Níbi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn tọ́jú ajá, kì í jẹun níbẹ̀, ńṣe ló máa ń rù. Ẹ kàn wá bá wa gbélé títí a ó fi dé. Nínú yàrá Prince ni kẹ́ ẹ máa sùn, kì í lè dá sùn. Ilé yín náà ni o, Ìyá Enoch.”

Kí wọ́n tó lọ, wọ́n mú un yí ilé ká, wọ́n fi kámẹ́rà hàn án. Ọ̀kan wà lókè géètì. Ọ̀kan wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀kan wà ní igun òkè ní pálọ̀, ó dúdú, ó rí roboto, ó ń dán bí ojú màlúù.

“Nítorí olè ni o,” ni Mummy Jayé sọ. “Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀.”

Àpèkẹ́ bẹ̀rù rẹ̀. Kò jókòó sórí àga pálọ̀ rí. Tó bá jí láàárọ̀, kó tó kọjá sí kíṣìnì, á kọ́kọ́ wé gèlè, á wá síwájú ojú màlúù yẹn, á kúnlẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàárọ̀, mà. Ajá sùn dáadáa.” Kò mọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́. Ó kàn rò ó pé ẹni tó bá ń wo ènìyàn láti òkè òkun, ènìyàn kò gbọdọ̀ kọjá lójú rẹ̀ láìkí i, kí wọ́n má baà pe òun ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Láàárọ̀ òní pàápàá, pẹ̀lú orúnkún yẹn, ó kúnlẹ̀. Ó di àga mú kó tó lè dìde.

Ṣùgbọ́n inú yàrá kọ́ nìyẹn. Inú yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn.

Ó jáde lọ sí géètì.

Mutolib jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, rédíò létí, ó ń bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nínú rédíò jiyàn. Bó ti rí Àpèkẹ́, ó rẹ rédíò sílẹ̀.

“Ìyá ológì! Ìyá Prince! Ẹ̀yin ti di ará GRA, ẹ ò rí wa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Prince jẹ lónìí? Ẹran màlúù àbí adìẹ? Kí n mọ̀ bóyá kí n kọ̀wé pé mo fẹ́ di ajá.”

“Mutolib, má fi mí ṣeré. Kámẹ́rà wo àti wo ló wà nílé yìí?”

“Háà. Ẹ̀yin lẹ wà nínú ilé, èmi ni mo wà níta, ẹ wá ń bi mí.”

“Mo bẹ̀ ọ́.”

Mutolib wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. “Ti géètì tó ń wò mí bí mo bá sùn. Ti ẹ̀yìnkùlé. Ti pálọ̀.” Ó ka ìka kẹrin. “Àti ti ajá.”

“Ti ajá, báwo?”

“Èyí tí wọ́n fi ń wo Prince tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́. Èmi ni mo bá ẹni tó wá fi í síbẹ̀ di àkàbà mú. Kékeré ni, ó funfun. Bí ajá bá ń rìn, òun náà á máa yí ojú tẹ̀ lé e. Wọ́n tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀! Ọ̀gá ṣe é lọ́jọ́ kan. Ó wà níbi iṣẹ́, ó ní ‘Prince, jókòó!’ Ajá wá ẹni tó sọ̀rọ̀ títí, ó fẹ́ gbẹ́ ògiri.” Ó rẹ́rìn-ín, ó lu itan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tó wọ ọ́ létí. “Yàrá wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa sùn?”

Àpèkẹ́ ti yíjú sí ilé.

“Ìyá Enoch, ṣé kò sí nǹkan?”

“Kò sí.”

“Mo rò pé wọ́n sọ fún yín ni.”

“Kò sí nǹkan, Mutolib.”

Ó pa dà sínú ilé. Kò gba pálọ̀. Ó gba ẹ̀yìn, ó bá ẹnu ọ̀nà kíṣìnì wọlé, ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn yàrá bí olè.

Pẹpẹ kan wà lókè ibi tí ajá ń sùn. Wọ́n to bọ́ọ̀lù ajá sí i, wọ́n to ìyarun ajá, àti nǹkan funfun kékeré kan tó rí bí ẹyin tí wọ́n gbé dúró. Láti ọjọ́ tó ti dé ni Àpèkẹ́ ti rò pé nǹkan olóòórùn dídùn ni, irú èyí tí àwọn olówó máa ń fi sínú yàrá. Ojoojúmọ́ ló ń fi etí ìró nù ún. Ó ti gbé imú sún mọ́ ọn rí, ó fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Kò gbọ́ òórùn kankan, ó ní bóyá ó ti tán ni.

Ó wọlé ní ẹsẹ̀ kan. Nǹkan náà yí. Ó rọra yí, láìpariwo, bí òwìwí.

Ó sún sí apá òsì. Ó yí tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà ní ògiri létí. Wọn ò sọ fún un pé ó ti lójú.

Kì í ṣe orúnkún tí wọ́n rí ló ń bà á lẹ́rù. Bí wọ́n bá rí orúnkún, wọ́n rí Ọjọ́bọ̀.

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Wùmí wà lórí ìrọbí ní ilé ìwòsàn kan ní Ifákọ̀. Ọjọ́ ti yí lórí rẹ̀, ọmọ kò wá. Ọkọ rẹ̀ pe Àpèkẹ́, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ní ẹ̀jẹ̀ Wùmí ń ru, àwọn dókítà ti ń sáré. Àpèkẹ́ kò lè lọ. Ajá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé onílé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ní Ìlaròó. Aládùúrà ni ìyá rẹ̀. Ó ní bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá dé góńgó, kí ìyá má fi aṣọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ mọ́. Kó bọ́ra bí wọ́n ṣe bí i, kó tan àbẹ́là, kó gbé omi síwájú, kó kúnlẹ̀, kó fi ọmú tí ọmọ náà mu bẹ̀ ẹ́.

Ó bọ́ra. Ó tan àbẹ́là. Ó bu omi sínú abọ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmú rẹ̀ sókè, ó ń pe orúkọ. “Ọmú tí Olúwawùmí mu nìyí. Ọlọ́run, wò ó. Ìwọ lo fi wàrà sínú rẹ̀. Má jẹ́ kí n fi ọmú yìí sunkún.” Ó sunkún náà. Ó wólẹ̀. Ó dìde, ó yí káàkiri yàrá, ó wọ́n omi. Kí ojú ọjọ́ tó mọ́ tán, fóònù dún. Wùmí ti bí, ọkùnrin ni, ara ìyá àti ọmọ le. Àpèkẹ́ jó bó ti wà yẹn, láìfi nǹkan kan bora. Ajá náà ń fò mọ́ ọn.

Kò sọ fún àwọn Mummy Jayé pé òun ti di ìyá àgbà, kí wọ́n má baà rò pé ó ń wá ọ̀nà láti sá lọ. Ìyá ọkọ Wùmí ló ń bá wọn wẹ ọmọ di ìgbà tí onílé bá dé.

Ó wo ẹyin funfun náà. Ẹyin náà ń wò ó.

Ta ni yóò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí yóò pè é ní àdúrà? Obìnrin abiyamọ, ní ìhòhò, ní ìdájí, àbẹ́là, omi, ó di ọmú mú, ó ń pe orúkọ ènìyàn nínú ilé onílé. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè é: àjẹ́. Àpèkẹ́ ti rí obìnrin tí wọ́n fi òkò lé láàárín ìgboro nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà kàn ń dá nìkan sọ̀rọ̀ ni.

Ó tú gèlè orí rẹ̀, àdìrẹ tí Wùmí rà fún un ní Kérésì. Ó jù ú bo ẹyin náà.

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì mí tán.

“Ìyá Enoch.”

Ohùn ọkùnrin ni. Inú gèlè ló ti jáde. Daddy Jayé ni. Prince sáré wá sábẹ́ pẹpẹ, ó ń ju ìrù, ó ń gbó gèlè náà.

Orúnkún Àpèkẹ́ ti ń tẹ̀ kó tó mọ̀. Ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú.

“Sà.”

“Kí lẹ fi bo nǹkan yẹn? A ò rí Prince mọ́.”

“Prince wà níbí, sà. Ó ti jẹun.”

“Mo mọ̀ pé ó ti jẹun. Ẹ ṣí i.”

“Daddy Jayé, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ibí ni mò ń sùn.”

“Kámẹ́rà ajá ni, Ìyá Enoch. Kì í ṣe tiyín. Kò sẹ́ni tó ń wò yín.”

Ó yẹ kó dákẹ́. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó dákẹ́. “Mummy Jayé bi mí léèrè orúnkún mi, sà.”

Láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tó wà nínú kànga, ó gbọ́ ohùn Mummy Jayé: “Mo sọ fún yín, Daddy Jayé. Mo ní ká sọ fún wọn kí a tó lọ. Ẹ ní kò pọndandan.”

“Ta ló tún ń rí i, sà?” ni Àpèkẹ́ bi í.

“Èmi àti ìyàwó mi. Ó wà lórí fóònù Jayé náà, ṣùgbọ́n kì í wò ó.”

Jayé. Ẹgbẹ́ Enoch ọmọ rẹ̀ ni Jayé. Ògì rẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà.

“Ọjọ́bọ̀ ńkọ́, sà? Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀?”

Ajá dúró, etí rẹ̀ nà sókè.

“Ó dáa bí ẹ ṣe mẹ́nu bà á fúnra yín,” ni Daddy Jayé wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti yí pa dà. “Mo fẹ́ kí a délé ni. Ìyá Enoch, kí lẹ ń ṣe nínú ilé mi ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀?”

“Àdúrà ni, sà.”

“Irú àdúrà wo? Láìwọ aṣọ? Àbẹ́là! Ẹ ń wọ́n omi káàkiri! Orúkọ ta lẹ ń pè? Mo ti gé ibẹ̀ pamọ́. Bí a bá dé, Pásítọ̀ Elkanah á bá wa wò ó, àwọn á sọ irú àdúrà tó jẹ́.”

Àpèkẹ́ rí i bí ẹni pé ó ti ń ṣẹlẹ̀. Pásítọ̀ lórí àga pálọ̀, àwọn àgbà ìjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, fóònù ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, òun wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀ tó ti ya, pẹ̀lú ọmú rẹ̀ tó ti sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Enoch fẹ́ ẹ, wọ́n bímọ, Bàbá Enoch kú, kò rí i bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rí. Iná ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pa.

Ẹ̀bẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ dákun, sà, ẹ má bínú, sà. Ó ti wà lórí ahọ́n. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló bá a jáde, ó ń gbọ̀n, ó ń kólòlò.

“Ọmọ mi ló wà lórí ìrọbí, sà. Wùmí. Ọjọ́ ti yí lórí rẹ̀. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Orúkọ Wùmí ni mò ń pè.”

Ó gbé ojú sókè sí gèlè náà.

“Daddy Jayé, ẹ má bínú, sà. Ìyá yín ṣì wà láyé?”

“Kí nìyẹn kàn?”

“Mo kàn bi yín ni, sà.”

“Wọ́n wà. Wọ́n wà ní Ìjẹ̀bú.”

“Bí ẹ bá ṣèèṣì já wọ ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀, sà, kí lẹ máa ṣe?”

Àpèkẹ́ kò dúró de èsì.

“Ẹ máa yíjú,” ni Àpèkẹ́ wí. Omi ti ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. “Ọmọ tí wọ́n bí ire ni yín, ẹ máa yíjú, ẹ máa pa ìlẹ̀kùn dé. Ẹ ò ní dúró síbẹ̀. Ẹ ò ní gé ibẹ̀ pamọ́. Àárín èmi àti Ọlọ́run ni nǹkan yẹn, sà. Òun nìkan ni mo bọ́ra fún. Ẹ̀yin lẹ wọlé láìkànkùn.”

Ó yà á lẹ́nu pé òun ló sọ ọ́. Ó dúró de kí òrùlé já lu òun.

Mummy Jayé ló fọhùn, ó ti sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. “Wùmí ńkọ́, Ìyá Enoch? Ọmọ ńkọ́?”

“Ó ti bí, mà. Ọkùnrin.”

“Ẹ ò sọ fún wa! Háà, Ìyá Enoch. Ẹ kú oríire o. Ọjọ́bọ̀ yẹn náà?” Ohùn rẹ̀ fọ́. “Daddy Jayé, ẹ pa á rẹ́.”

“Mi ò sọ pé...”

“Ẹ pa á rẹ́, ẹ jọ̀ọ́.”

Wọ́n ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, èdè òyìnbó ni, ó yára ju etí Àpèkẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni Daddy Jayé wí pé, “Ó dáa. Mo ti pa á rẹ́. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣé ó ti tán? Ẹ wá ṣí gèlè yẹn, kí a lè máa rí Prince.”

Àpèkẹ́ wo gèlè náà. Ó wo ajá.

Ó fa báàgì rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bíbélì wọ inú rẹ̀, ìró méjì wọ inú rẹ̀, kùkúté àbẹ́là Ọjọ́bọ̀ wọ inú rẹ̀. “Ìyá Enoch?” ni gèlè ń wí. “Ìyá Enoch, ṣé ẹ wà níbẹ̀?” Ó mú okùn ajá, ó so ó mọ́ Prince lọ́rùn. Ó kó oúnjẹ ajá, ó kó abọ́ rẹ̀. Gèlè náà ní láti dúró síbẹ̀. Bó bá mú un, ojú yẹn á tún rí òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yọ ìró kan nínú báàgì, ó fi borí.

Ó lè gba ẹ̀yìn jáde. Pálọ̀ ló gbà. Ó dúró síwájú ojú màlúù. Orúnkún rẹ̀ fẹ́ tẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára. Ó na án.

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ káàsán, mà,” ló wí lórí ìdúró. “Mò ń lọ sílé mi. Mo ti ti gbogbo ìlẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ Mutolib. Prince ń bá mi lọ. Ẹ fi lé mi lọ́wọ́, mi ò lè fi í sílẹ̀ fún ebi.”

Ìgbà tí ẹ̀rù tún máa bà á, ó ti wà lẹ́nu géètì.

“Ìyá ológì, ẹ jí ajá gbé!” ni Mutolib pariwo, bó ti rí báàgì. Bó ti gba kọ́kọ́rọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Wọ́n pè mí nísinsìnyí. Wọ́n ní kí n má ṣí géètì.”

“Ṣé o máa ṣí i?”

Mutolib wo kámẹ́rà òkè géètì. Ó wo Àpèkẹ́. Ó fi ọwọ́ họ orí, ó sì sọ ohùn sókè, kí ẹni tó ń wò ó láti òkè òkun lè gbọ́: “Géètì yìí mà tún ti bàjẹ́ o! Mo ti sọ fún wọn pé kì í tì dáadáa!” Ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó ṣí.

Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ gbé e dé Kẹ́tu ń wo ajá nínú dígí ní gbogbo ọ̀nà, ó ní bó bá tọ̀ sórí àga òun, Àpèkẹ́ ló máa fọ̀ ọ́. Ní etí odò, àwọn obìnrin Àgbóyi tó ń ti ọjà bọ̀ sún fún un nínú ọkọ̀.

“Ìyá Enoch, àgùntàn lẹ rà?”

“Ajá ni.”

“Ajá kẹ̀! Ó mọ́ ju ọkọ mi lọ.”

“Ta ni ò mọ́ ju ọkọ tìrẹ lọ?” ni ẹlòmíràn wí, gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àpèkẹ́ gbìyànjú láti bá wọn rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ń lọ sí òpó iná létí odò, sí òrùlé, sí ọwọ́ ẹni tó bá gbé fóònù sókè. Kò mọ ìgbà tí òun máa dẹ́kun rẹ̀. Bóyá òun kò ní dẹ́kun rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ti dé àárín omi kí fóònù tó dún. Ó jẹ́ kó dún títí ó fi fẹ́ kú. Ó gbé e.

“Ìyá Enoch.” Mummy Jayé nìkan ni. “Níbo lẹ wà? A ti wo gbogbo kámẹ́rà, a ò rí yín.”

“Ẹ ò lè rí mi, mà. Mo wà lórí omi. Mò ń lọ sílé.”

“Daddy Jayé ń bínú.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Wọ́n ti pa á rẹ́. Ní tòótọ́. Ìṣojú mi ni wọ́n ti pa á rẹ́. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́?”

Àpèkẹ́ wo omi. Igi kan ń léfòó lọ, ẹyẹ funfun kan dúró lórí rẹ̀.

“Mo ní láti gbà yín gbọ́, mà. Èmi ò ní kámẹ́rà tí mo lè fi wò yín.”

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sínú fóònù. Nígbà tí Mummy Jayé tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Báwo la ṣe máa mọ̀ bí Prince ṣe wà?”

“Ẹ pè mí, mà. Ẹ bi mí.”

“Prince ńkọ́, Ìyá Enoch?”

“Ó wà níbí, mà. Ó kọ́kọ́ ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ ń mì. Ó ti dákẹ́. Ó gbé àgbọ̀n lé itan mi, ó ń gbóòórùn ẹja.”

Mummy Jayé rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tó ní omi nínú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó dá a dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. “Orúnkún yín... Ṣé mo lè bi yín nípa orúnkún yín?”

Àpèkẹ́ gbé ọwọ́ lé e lábẹ́ ìró. Ó ti wú, ó gbóná bí ìkòkò.

“Ó ń dùn mí, mà,” ló wí. “Ó ń dùn mí gan-an.”